Àsíátù Tó Ń Sọ Ohun Tó Rí

Àsíátù Kareem, ìyá Memunat, ń ta òwú àti bọ́tìnnì ní Ìkàrẹ́, kò sì sí níbi tí wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀.

Kì í ṣe pé ó kọ̀. Nílé tiwọn, obìnrin kì í tẹ̀ lé òkú dé sàréè. Ọkùnrin ló ń gbé e, ọkùnrin ló ń sin ín. Inú yàrá ni Àsíátù wà láàárín àwọn obìnrin nígbà tí wọ́n gbé Suleiman jáde. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn ìta dún. Ó parí.

Nígbà tí Raheem, àbúrò ọkọ rẹ̀, padà dé, Àsíátù bi í pé, "Ọkọ mi, báwo ló ṣe lọ?"

"A ti sin ín, Ìyàwó. Ṣe sùúrù."

Àsíátù ṣe sùúrù. Ṣùgbọ́n sùúrù kì í ròyìn fún ni.

Bíríkìlà ni Suleiman. Wọn ò tíì pẹ́ tí wọ́n fẹ́ra tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Nígbà tó ṣú tán, ó gbà fún Ọlọ́run, àfi eré ìtàgé nìkan ni kò lè fi sílẹ̀. Láyé ìgbà náà, àwọn ẹgbẹ́ eléré ṣì máa ń wá sí Ìkàrẹ́. Àsíátù a jókòó tì í nínú gbọ̀ngàn, a fi ẹnu sí i létí: "Ìyálé ti wọlé. Aṣọ òkè tó ró ti ṣá. Ó fi nǹkan kan pamọ́ sẹ́yìn." Bí ó bá sọ ohun tí Suleiman ti fi etí ara rẹ̀ gbọ́, Suleiman a tẹ̀ ẹ́ ní ọrùn ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn ni pé ó tó. Bẹ́ẹ̀ ni Àsíátù ṣe kọ́ ohun tí ènìyàn ń sọ àti èyí tí ènìyàn ń fi sílẹ̀.

Àwọn tó wà lẹ́yìn wọn a máa kùn.

"Ìyá yìí, ṣé rédíò ni yín ni?"

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan tí òpó dí lójú ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbóhùn sókè díẹ̀. Èmi náà ò rí nǹkan kan."

Suleiman rẹ́rìn-ín títí eré fi parí.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí Suleiman kú kí Tíṣà Abọ́dẹrìn tó wá sí ìsọ̀ Àsíátù. Ọ̀kà ni Abọ́dẹrìn ti ń kọ́ ọmọ níwèé, ó sì máa ń kọ eré. Ó ní òun ń kọ tuntun kan tí ẹni tí kò ríran á lè gbádùn bíi ti olójú. Òun ò fẹ́ kó jẹ́ ohun tí wọ́n ń fi kún eré lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣe é tán. Inú eré gan-an lòun fẹ́ kó wà. Obìnrin kan á jókòó sí igun ìtàgé pẹ̀lú igbá òwú, á máa ròyìn gbogbo ohun tó ń lọ fún oníbàárà rẹ̀ tó fọ́jú.

"Ìyá Memunat, ẹ̀yin ni obìnrin náà."

"Tíṣà, èmi kẹ̀? Mi ò ṣeré rí."

"Ẹ ti ń ṣe é tipẹ́. Inú gbọ̀ngàn ni mo ti máa ń gbọ́ yín."

Bẹ́ẹ̀ ni Àsíátù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Ọ̀kà. Raheem ló ń fi ọ̀kadà gbé e, wọn a gba Àkùngbá kọjá. Ẹni tó ń ṣe oníbàárà náà ni Grace, obìnrin ará Ọ̀bà kan tí kò ríran láti kékeré, tí ẹnu rẹ̀ sì mú.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Grace ní, "Ìyá, ọ̀rọ̀ yín ti pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ẹsẹ̀ eléré tó ń wọlé."

Ojú ti Abọ́dẹrìn. Àsíátù ní tirẹ̀ na ọwọ́ sí Grace. "Bí mo bá ti sọ jù, máa tẹ̀ mí níbí."

Ìparí eré ló wá di ọ̀ràn. Wọ́n á gbé òkú bàálé jáde nínú ilé, láìsí ọ̀rọ̀, láìsí orin. Bí Àsíátù kò bá sọ ọ́, ẹni tí kò ríran kò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Àwọn eléré gbé òkú dìde. Àsíátù la ẹnu, ọ̀rọ̀ kò jáde. Wọ́n tún un ṣe. Ó tún dákẹ́.

"Kí ló dé?" Grace béèrè. "Ṣé iná ló lọ ni?"

Àwọn eléré rẹ́rìn-ín. Àsíátù kò rẹ́rìn-ín.

Abọ́dẹrìn sún mọ́ ọn. "Ìyá Memunat, ọ̀la làwọn èèyàn ń bọ̀. Bó bá nira fún yín, ẹ jẹ́ kí n gbé ibẹ̀ fún ẹlòmíì."

"Tíṣà, mò ń wò wọ́n, ṣùgbọ́n ọkọ mi ni mò ń wá níbẹ̀. Gbogbo ohun tí mo rí láyé ni mo sọ fún un. Ìgbà tó máa lọ, kò sẹ́ni tó sọ fún mi bó ṣe lọ."

Raheem wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, ó ń dúró láti gbé e padà sílé. Ó gbọ́. Ó wá jókòó tì í létí ìtàgé, ṣùgbọ́n kò wo ojú rẹ̀.

"Ìyàwó, mo rò pé á dùn ọ́ ni mi ò ṣe sọ ọ́."

"Ẹ sọ ọ́."

"Àwa mẹ́rin la gbé e. Èmi wà níbi orí. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, ilẹ̀ ń yọ̀, a rọra ń lọ. Iwájú ìsọ̀ rẹ la ti dúró pààrọ̀ èjìká."

"Aṣọ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó funfun. Ẹrẹ̀ ta sí i díẹ̀ níbi ẹsẹ̀. Èmi ni mo wọ inú sàréè lọ gbà á. Ó fúyẹ́. A fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ lélẹ̀, a kọ ojú rẹ̀ sí Gábàsì. Mo tú aṣọ níbi orí."

"Báwo lojú rẹ̀ ṣe rí?"

Raheem rò ó. "Bíi ti ẹni tó ń fetí sílẹ̀."

Ó fẹ́ máa sọ̀rọ̀ lọ. Àsíátù tẹ̀ ẹ́ ní ọrùn ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan.

"Tíṣà," Àsíátù ní, "ẹ má gbé e fún ẹnikẹ́ni. Màá sọ ọ́ lọ́la."

Ó gbé igbá òwú rẹ̀, ó dìde, ó sì jáde.