Iyán Àǹtí Ṣadé

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, mo fẹ́ dìde múra ṣọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ mi kò dá mi lóhùn. Kò dùn mí, kò sì kú; mo fi èékánná ha á, mo mọ̀ ọ́n lára. Ó kàn wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì tí omi wọ̀ ni. Nígbà tó fi di ọ̀sán, mo ti ń rìn kiri ilé wa ní Festac. Màmá mi ní bọ́ọ̀lù tí mo gbá lánàá ló fà á.

Ó tún ṣe mí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, lọ́jọ́ Àìkú náà. Lẹ́ẹ̀kẹta, Màmá rẹ ohùn sílẹ̀: "Fẹ́mi, níbo lo ti jẹun lánàá?"

Ilé ẹ̀gbọ́n mi ni, ní Satellite Town. Bí mo bá ti gbá bọ́ọ̀lù tán ní Amúwo lọ́jọ́ Sátidé, ibẹ̀ ni mo ń gbà lọ. Àǹtí Ṣadé, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, á gún iyán òkìtì fún mi. Mo rò ó síwá sẹ́yìn: gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ mi kọṣẹ́, iyán yẹn ló ṣáájú.

"Ìfura loògùn àgbà," ni Màmá wí. Ó ní kí n máa mu epo pupa lẹ́yìn oúnjẹ, pé epo ń pa oró májèlé. Mo rọ ọ́ sínú ìgò kékeré, mo ń lọ mu ún ní bálùwẹ̀ wọn. Obìnrin tó tọ́jú mi ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà ní sẹ́kọ́ńdírì ni mo wá ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń bu ọbẹ̀. Bó bá rẹ́rìn-ín, màá ní kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ tó burú jù, òjò ká mi mọ́ ilé wọn, mo sùn síbẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, n kò lè gbé apá, n kò lè gbé ẹsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi rìnrìn-àjò. Àǹtí Ṣadé ló pọ̀n mí wọ mọ́tò lọ sí ọsibítù. Níbi tí a ti ń dúró, nọ́ọ̀sì tú àpò mi, ìgò epo jáde. Àǹtí wò ó, ó wò mí. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ohun tí a ń gbé epo kiri fún. Ó dì mí mú kí n má baà ṣubú lórí bẹ́ǹṣì.

Dókítà gba ẹ̀jẹ̀ mi, ó fi ẹ̀rọ wo bí ọkàn mi ṣe ń lù. Ó ní, "Kí lẹ jẹ lánàá?"

"Iyán," ni Àǹtí dáhùn. "Ó pọ̀ gan-an."

"Iyán náà ni."

Ojú tì mí láti sọ ọ́: mo ní lọ́kàn mi pé ọwọ́ ti tẹ Àǹtí.

Dókítà wá là á yé wa. Pòtásíọ̀mù ni iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ tí iṣan ara fi ń ṣiṣẹ́. Lára àwọn kan, bí wọ́n bá ṣe wàhálà, tí wọ́n jẹ iyán tàbí ẹ̀bà yó bámúbámú, tí wọ́n sì sùn, iyọ̀ yìí á sá kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọnú iṣan, iṣan á sì kọṣẹ́. "Ìbáà ṣe ìyá yín ló gún un," ló wí.

Wọ́n fún mi ní pòtásíọ̀mù mu, wọ́n ń ṣọ́ ọkàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe rà á mu fúnra yín. Bó bá pọ̀ jù, ó lè dá ọkàn dúró. Nírọ̀lẹ́, àtàǹpàkò mi mira, mo sunkún.

Láti ìgbà náà, bí mo bá dìde tí ẹsẹ̀ gbà mí dúró, mo máa ń dúpẹ́ síta. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Àǹtí, ó ní ó ti tán. Mo ṣì ń lọ, ìwọ̀nba ló sì ń bù fún mi. Ṣùgbọ́n kí n tó fọwọ́ kàn án, òun á kọ́kọ́ bu òkèlè kan, á gbé e mì lójú mi, á wá ní, "Ó yá, jẹun." Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí kó jáwọ́. Kò gbà.