Ìdí Tí Ọkọ̀ Wa Fi Dákẹ́

Òórùn èèpo kọfí tó ti gbó, tó pọ̀ mọ́ òórùn ọ̀dà tútù, ni mo fi máa ń mọ̀ pé mo ti dé ibi iṣẹ́. Ilé ńlá tí wọ́n ń kó kọfí pamọ́ sí láyé ìgbà kan ni, lẹ́yìn ìlú Kàbbà, lápá ọ̀nà tó lọ sí Ìkòyí tó wà nítòsí ibẹ̀. Páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà, àwọn àdán sì ti sọ òkè àjà di tiwọn. Inú ibẹ̀ la ti ń ya eré orí tẹlifíṣọ̀n kan tó pẹ́ gan-an kó tó kásẹ̀ nílẹ̀, eré àwọn èèyàn tó wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sáàárín ìràwọ̀, tí wọn ò sì mọ ọ̀nà ilé mọ́. Ìwọ náà á ti wò ó rí. Láti Ìsánlú títí dé Igbaruku, bí wọ́n bá ti ń ṣe é lọ́wọ́, ṣe ni àdúgbò máa ń pa lọ́lọ́.

Bó o bá rí ọkọ̀ yẹn lórí tẹlifíṣọ̀n, o ò ní gbà pé páálí ẹyin la fi ṣe ògiri inú rẹ̀, tá a wá fi ọ̀dà aláwọ̀ fàdákà kùn ún. Ojú ọ̀run tó kún fún ìràwọ̀ lójú fèrèsé rẹ̀, aṣọ dúdú lásán ni. A fi abẹ́rẹ́ dá a lu, a sì tan iná sẹ́yìn rẹ̀. Ilẹ̀kùn tó ń ṣí fúnra rẹ̀, àwọn géńdé méjì ló ń fi okùn fà á, bí ọ̀kan nínú wọn bá sì sín, àfi ká tún un yà. Gbogbo ayé àjèjì tí ọkọ̀ náà ń balẹ̀ sí, orí àpáta ẹ̀yìn ìlú ni, a kàn ń da eérú ààrò sí i ni. Èmi ni mo wà nídìí ohùn. Ariwo ẹ́ńjìnnì tó ń já àwọn ọmọdé láyà yẹn, ẹ̀rọ ìlọta inú ọjà ni mo gba ohùn rẹ̀, tí mo wá jẹ́ kó máa falẹ̀. Bí mo bá ń sọ àwọn nǹkan wọ̀nyí fáwọn èèyàn, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń rín. Èyí tí n kì í sọ ni ọ̀rọ̀ ohùn tí ọkọ̀ náà fi ń bá àwọn inú rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Obìnrin kan ló ni ohùn náà. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ilé rẹ̀ ló sì sún mọ́ ibi iṣẹ́ wa jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ eré náà, ẹni tá a bá ṣàdéhùn pé yóò ṣe ohùn ọkọ̀ lọ sí Àbújá, kò sì padà wá mọ́. A jókòó lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò sẹ́ni tó mọ ohun tá a lè ṣe, ni obìnrin yìí bá yọ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹfun ìkọ̀wé lọ́wọ́. Àwọn ọmọ àdúgbò ló ń kọ́ ní ìwé nílé.

“Okun o, ẹ̀yin ọmọ,” ló fi kí wa, bí wọ́n ṣe máa ń kíni lágbègbè wa. “Ẹ jọ̀wọ́, jẹnẹrétọ̀ yín ti bo ohùn mi mọ́lẹ̀. Mo ní káwọn ọmọ kọ ‘ilé’, ‘ilẹ̀’ ni wọ́n ń kọ.”

Kò pariwo rárá. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi inú àmù, síbẹ̀ o ò ní gbọ́ ọ kó o má dìde. Olùdarí eré wa gbé àwo oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ìwé yìí.” Màmá Tíṣà gbé gíláàsì sójú, ó kọ́kọ́ bá wa tún àmì ohùn orí ìwé náà ṣe, kó tó wá kà á. Nígbà tó kà á tán, olùdarí ní kí n lọ gbé gbohùngbohùn wá. Bó ṣe di ọkọ̀ nìyẹn.

Ọdún ń gorí ọdún, ó ń wá. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ló máa ń dé. A ó jókòó nínú yàrá kótópó tí mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì ògbólógbòó bo ògiri rẹ̀, a ó pa fáànù nítorí ariwo, òun á sì máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀ bá a bá ti dúró díẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Alájì, oníṣòwò obì ni. Á dúró dè é lábẹ́ igi máńgòrò níta lórí alùpùpù rẹ̀. Kò wọlé rí. Mo kàn máa ń gbọ́ tó bá ń béèrè pé, “Ṣó ti balẹ̀?” tíyàwó rẹ̀ á sì dáhùn pé, “Ó ti balẹ̀,” bí ẹni pé ọkọ̀ náà ló ń wà ní tòótọ́. Àwọn méjèèjì á wá máa rẹ́rìn-ín lọ sílé.

Àìsàn tó mú Màmá Tíṣà kò pariwo. Ó ń rù, ohùn náà kò rù. Láàárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan ni wọ́n wá sọ fún wa pé ó ti dolóògbé, kí oòrùn ọjọ́ náà sì tó wọ̀, wọ́n ti sin ín.

Olùdarí wá bá mi lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ pọ́n. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ní, “Ọkọ̀ ò gbọdọ̀ kú. Gbogbo ohun tí Màmá ti sọ láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá ló wà lọ́wọ́ rẹ. Máa bá wa tò ó.” Mo sì ń tò ó. Mo ń gé ọ̀rọ̀ kan níbí, mo ń já ìlàjì ọ̀rọ̀ kan lọ́hùn-ún, mo ń so wọ́n pọ̀, títí ẹni tó ti wà nínú ilẹ̀ á fi máa sọ ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Iṣẹ́ náà ń yọrí. Àmọ́ èmi fúnra mi kò gbádùn mọ́. Bí mo bá pa ẹ̀rọ, ó máa ń ṣe mí bíi pé mo ṣì ń gbọ́ abẹ̀bẹ̀ lẹ́yìn mi. Mo lè máa din àkàrà nílé kí n gbọ́ ohùn yẹn nínú epo, kí n sì yíjú padà.

Wọ́n wá kọ apá kan níbi tí iná ti kú nínú ọkọ̀. Ó ṣókùnkùn biribiri, atukọ̀ wà níbẹ̀ tó ń sunkún, ọkọ̀ á sì sọ fún un pé, “Mo ṣì wà níbí.” Màmá Tíṣà kò sọ gbólóhùn yẹn rí láyé rẹ̀. Mo wá a, mo tò ó, mo dán an. Ó dán jù. Bó ṣe jáde nínú ẹ̀rọ, gbogbo irun ara mi dìde. Mo bọ́ síta nínú oòrùn ọ̀sán, mo dúró títí ara mi fi gbóná. Igi máńgòrò wà lọ́ọ̀ọ́kán, kò sẹ́nì kankan lábẹ́ rẹ̀.

Wọ́n gbé e sáfẹ́fẹ́. Nígbà tílẹ̀ mọ́, Alájì wọlé wá bá mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ilẹ̀kùn bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́sáláṣí. Mo kúnlẹ̀ kí i.

“Okun, ọmọ mi. Ìgbà wo ló sọ ọ́?”

“Kí ni, bàbá?”

“Pé òun ṣì wà níbí. Ṣé ìgbà tí àìsàn ti dé ni?” Ojú rẹ̀ fi hàn pé kò sùn. “Ó mọ̀ pé mò ń wò ó. Èmi ló ń bá wí. Àwọn ọmọ wa ti wá láti Lọ́kọ́ja kí wọ́n lè kó aṣọ rẹ̀ fáwọn tí kò ní. Mo ní kí wọ́n dá a padà sínú àpótí. Ẹni tó ní òun ṣì wà, wọn kì í pín aṣọ rẹ̀.”

Mo mọ̀ pé irọ́ kékeré kan ti tó. Bí mo bá ní ìgbà àìsàn ni, yóò dúpẹ́, yóò máa lọ, yóò sì máa bá tẹlifíṣọ̀n gbé títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán nílẹ̀ẹ́lẹ̀ náà, irọ́ náà kò jáde.

“Kò sọ ọ́, bàbá. Èmi ni mo tò ó.”

Ó sún mọ́ ẹ̀rọ náà. “O tò ó báwo?”

Mo gbé àga fún un, mo sì jẹ́ kó gbọ́ àwọn ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí mo ṣe gé wọn. Mo fi “mo” sí i. Ó dijú. “Ààwẹ̀ ló ń gbà lọ́jọ́ yìí,” ló wí. “Ẹnu rẹ̀ gbẹ.” Mo fi “ṣì wà” sí i. Ó mi orí. “Inú ń bí i. Èmi ni. Mo pẹ́ kí n tó gbé e wá.” Nígbà tó gbọ́ “níbí”, ó lajú, ó sì wò mí. “Ẹ̀rín ló ń rín yẹn! Kí lẹ ṣe fún un?” Ni mo bá rántí pé alángbá kan já bọ́ láti òkè àjà sí olùdarí lọ́rùn lọ́jọ́ náà, tí olùdarí sì ń fò káàkiri. Mo sọ ọ́ fún un. A rẹ́rìn-ín, àwa méjèèjì, títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ó wá ní kí n so wọ́n pọ̀ kóun gbọ́ ọ bó ṣe wà lórí tẹlifíṣọ̀n. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀.

“Ohùn rẹ̀ ni,” ló wí, “àmọ́ kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀.” Ó dìde. “Ọmọ mi, ẹ má jẹ́ kó sọ ohun tí kò sọ rí mọ́.”

A jọ lọ bá olùdarí, àmọ́ kò kọ́kọ́ gbà. Ó ní ohùn ọkọ̀ yẹn làwọn èèyàn fi ń wo eré wa. Alájì kò bá a jiyàn. Ó kàn bi í pé, “Ìyá rẹ ńkọ́?” Olùdarí ní ó ti kú. “Ṣé kí wọ́n bá ọ tò ó?” Ọ̀gbẹ́ni náà jókòó sórí àpótí kan, ó sì ní kí ọkọ̀ dákẹ́.

Apá tó tẹ̀ lé e la yà láìsọ fáwọn òṣèré. Nínú ìwé tiwọn, ọkọ̀ á dáhùn. Atukọ̀ pè é, mi ò fi nǹkan kan sí i. Ó dúró, ó tún un pè, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìgbà yẹn ló yé gbogbo wọn. Ẹkún tó o rí lójú wọn lọ́jọ́ náà, kì í ṣe eré. Títí dòní làwọn èèyàn ń jiyàn lórí ìdí tí ọkọ̀ náà fi dákẹ́. Àwọn kan ní ìjà ló ṣẹlẹ̀, àwọn mìíràn ní ọgbọ́n òǹkọ̀wé ni. Mo máa ń gbọ́ wọn, mo sì máa ń fi wọ́n sílẹ̀.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, mo lọ kí Alájì nílé. Àpótí aṣọ Màmá ti ṣófo ní pálọ̀, wọ́n ti pín aṣọ inú rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n sì ń ṣiṣẹ́. Mo bi í bóyá ó ṣì ń wo eré wa. Ó ní òun ń wò ó.

“Nígbà tó ń sọ̀rọ̀, n kò rí ẹkún sun,” ló wí. “Ìgbà tó dákẹ́ ni mo tó mọ̀ pé mo ti di opó.” Ó sì sunkún níwájú mi, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí òjò tí kò ní atẹ́gùn nínú.

Lóde òní, ẹ̀rọ ti wà tí kò nílò pé kéèyàn máa gé, kéèyàn máa so. Bó bá ti gbọ́ ohùn ẹni díẹ̀, yóò sọ ohunkóhun tó o bá fẹ́. Ẹnì kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní òun lè fi bá mi mú ohùn ìyá tèmi padà wá, nítorí ó mọ̀ bí àárò rẹ̀ ṣe ń sọ mí tó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó má ṣe é. Kì í ṣe pé n kò fẹ́ gbọ́ ọ. Ó ń wù mí lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ìdákẹ́ òkú kì í ṣe ihò tí a gbọ́dọ̀ dí. Tiwọn ni, wọ́n sì fi sílẹ̀ fún wa, kí ẹkún wa lè rí ibi gbà.