Irin Ilẹ̀kùn Sáfù

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi obìnrin pe gbẹ́nàgbẹ́nà kan wá sílé rẹ̀ ní àdúgbò Djègan-Kpèvi ní Àjàṣẹ́, níbi tí mo ń gbé báyìí, kí ó bá a tún ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣe. Ilẹ̀kùn náà ti sọ̀, ó ń wọ́ nílẹ̀. Ọkùnrin náà tú àwọn irin tí ilẹ̀kùn fi ń yí, ó kó wọn sínú abọ́ kan, ó sì da petiróòlù àtùpà lé wọn lórí kí ìpẹtà wọn lè ṣí. Ìta ni mo jókòó sí, mò ń ṣa ẹ̀wà. Bí òórùn petiróòlù àti ti irin tó ti dípẹtà ṣe jọ dé imú mi, ọwọ́ mi dúró sínú ẹ̀wà. Ọmọ mi bi mí bóyá ó rẹ̀ mí ni. Mo ní rárá. Ṣùgbọ́n n kò lè ṣa ẹ̀wà náà tán lọ́jọ́ yẹn.

Ilé bàbá mi wà ní àdúgbò Akron. Ilé alájà ni, irú èyí tí àwọn Àgùdà tó ti Bùràsíìlì dé kọ́ sí Àjàṣẹ́ láyé ìjọhun. Igi ìrókò ni wọ́n fi ṣe àwọn ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé fi ní láti fi èjìká tì wọ́n. Mẹ́tàdínlógún ni wọ́n, mo sì mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹní mọ ọmọ ìyá rẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá mi, ẹni tí wọ́n ń wá láti Sakété wá bẹ̀ níṣẹ́, ṣùgbọ́n ará ìta nìkan ló ń jẹ adùn ọwọ́ rẹ̀. Nínú ilé tirẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́ta ni tábìlì tí a fi ń jẹun ní, bíríkì la fi ṣe ìkẹrin. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà sì ń jẹ irin ilẹ̀kùn wa lójoojúmọ́. Nígbà tí ìyá mi ṣe àròyé títí, bàbá mi pe èmi àkọ́bí rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó fi ìtọ́jú gbogbo ilẹ̀kùn lé mi lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ bí wọ́n ti ń ṣe é. Màá kọ́kọ́ fi igi pẹlẹbẹ há abẹ́ ilẹ̀kùn kí ó má baà bọ́ lù mí. Màá fi ìṣó ńlá àti òòlù rọra kan ọ̀pá tó wà láàárín irin náà láti ìsàlẹ̀, títí yóò fi yọ lókè. Màá fi àkísà nù ún, màá fi iyanrìn ha ìpẹtà ara rẹ̀, màá wá fi ìyẹ́ adìẹ tọ́ àdín sí i kí n tó dá a padà. Bí ihò ìṣó bá ti gbò, màá gé ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ ki bọ inú rẹ̀, kí ìṣó lè rí nǹkan dì mú. Ìyàtọ̀ àárín ilẹ̀kùn tí a tọ́jú àti èyí tí a kò tọ́jú kì í pẹ́ hàn. Ti yàrá bàbá mi a máa kérora bí arúgbó tó ń dìde lórí ẹní. Ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ a máa pariwo débi tí gbogbo agbolé fi mọ ẹni tí inú ń run àti iye ìgbà tó ti lọ. Láàárín oṣù kan, mo pa gbogbo wọn lẹ́nu mọ́, àfi ẹyọ kan. Àwọn ìyàwó ilé súre fún mi. Mo ń yan kiri agbolé pẹ̀lú ìyẹ́ adìẹ mi bí ọ̀gá.

Ìyá Ràbì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ló ń ṣe olórí agbolé náà. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ó sì ti padà sílé bàbá rẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ló máa ń jókòó sí lórí ẹní, pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Kò ga, kò sanra, ohùn rẹ̀ kì í sì í sókè. Síbẹ̀ bàbá mi, tó ń pàṣẹ fún ọmọ iṣẹ́ mẹ́fà, kò lè wò ó lójú.

Sáfù ni ìyàwó àbúrò bàbá mi. Ọmọ àgbẹ̀ láti Avrankou ni. Kò tí ì pé oṣù mẹ́rin tí wọ́n gbé e wọlé tí ọkọ rẹ̀ bá iṣẹ́ lọ sí Gàbọ́ọ̀nù, ó sì fi í lé Ìyá Ràbì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ bí ẹni fi ẹrù pamọ́ sílé ẹlòmíràn. Sáfù máa ń rẹ́rìn-ín láìfọwọ́ bo ẹnu, ìyẹn sì ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ lójú Ìyá Ràbì. Nítorí pé ìyàwó kò gbọdọ̀ pe orúkọ ọmọ tó bá nílé ọkọ, ó sọ mí ní Adúmáradán. Yóò ní, “Adúmáradán, ọkọ mi, wá jókòó,” yóò fi orí mi sáàárín orúnkún rẹ̀, yóò sì máa di irun mi. Òun nìkan ló ń di irun mi tí omi kì í yọ lójú mi.

Ọ̀nà méjì ni èèyàn lè gbà jáde nílé wa. Ìyá Ràbì ló jókòó ti ọ̀nà iwájú. Ti ẹ̀yìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá Sáfù, ẹ̀yìnkùlé sì ni ilẹ̀kùn yàrá náà ṣí sí. Lọ́jọ́ tí mo gbé àdín dé ẹnu ọ̀nà Sáfù, Ìyá Ràbì pè mí, ó ní kí n fo ibẹ̀. Mo rò pé n kò gbọ́ dáadáa.

Ó ní, “Ilẹ̀kùn yẹn ni yóò máa bá mi ṣọ́ ọ. Jẹ́ kí ó máa ké.”

Mo fò ó. Láàárín oṣù mẹ́ta, ilẹ̀kùn náà ti ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ de Iléyá. Bí Sáfù bá fẹ́ lọ tọ̀, gbogbo ilé a gbọ́, Ìyá Ràbì a sì béèrè láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibi tó ń lọ. Àwa ọmọdé a máa sín ilẹ̀kùn náà jẹ, a ó sì máa rẹ́rìn-ín. Sáfù kọ́kọ́ ń bá wa rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Nígbà òjò, obìnrin Ẹ̀gùn kan tó ń ra gbágùúdá ní Avrankou mú ìròyìn wá pé ara ìyá Sáfù kò yá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, oúnjẹ kò lọ lọ́fun rẹ̀ mọ́. Sáfù kúnlẹ̀ fún Ìyá Ràbì pé kí ó jẹ́ kí òun lọ wò ó. Ìyá Ràbì ní ọkọ rẹ̀ nìkan ló lè fún un láyè, pé àwọn yóò kọ̀wé sí i. Lẹ́tà sí Gàbọ́ọ̀nù a máa tó oṣù méjì kí èsì tó dé, kò sì sí ẹni tó bá a kọ ọ́. Òwúrọ̀ mẹ́ta ni Sáfù kúnlẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, Ìyá Ràbì yíjú sí ògiri, ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ yẹn ni Sáfù pè mí sí ẹ̀yìn kànga. Ó ní, “Ọkọ mi, ẹ bá mi fi òróró díẹ̀ sí i.” Kò lo “ẹ” fún mi rí.

Mo fi sí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, nígbà tí gbogbo ilé ń sùn lẹ́yìn ìrun Àílà, ó jáde, ó pa ilẹ̀kùn dé kí wọ́n lè rò pé ó wà nínú ilé, kò sì dún. Ó dé Avrankou, ó fi omi gbígbóná nu ìyá rẹ̀ lára, ó padà kí oòrùn tó rọ̀. Ó mú gúáfà méjì wá fún mi nínú ìdí aṣọ. Ó ní ìyá òun ti jẹ ẹ̀kọ díẹ̀, pé ó ní kí òun padà wá lọ́jọ́ Jímọ̀.

Ìyá Ràbì ló lọ mú ìkòkò lẹ́yìnkùlé ní ọjọ́ tó ṣáájú Jímọ̀. Ó fọwọ́ ti ilẹ̀kùn náà, kò dún. Ó tún tì í, kò dún. Ó pè mí. Ì bá wù mí nísinsìnyí pé ó nà mí, kí n lè rí nǹkan fi ṣe àwáwí, ṣùgbọ́n kò nà mí. Ó bi mí irú bàtà tí mo fẹ́ wọ̀ ní Iléyá. Mo sọ fún un: bàtà pupa tó ní ìdè tó ń dán, irú èyí tí ọmọ ọmọ rẹ̀ wọ̀ wá láti Kútọnu. Ó ní màá ní in. Ó wá gbé ìgò petiróòlù àti eérú fún mi, ó sì sọ ohun tí màá ṣe.

Ní òwúrọ̀ Jímọ̀, nígbà tí Sáfù lọ fa omi, mo yọ àwọn ọ̀pá irin náà. Mo fi petiróòlù fọ òróró kúrò títí irin náà fi gbẹ hán-ún. Mo po eérú mọ́ iyanrìn, mo fi ra wọ́n lára, mo dá wọn padà, mo ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ bó ṣe wà lẹ́yìn aṣọ ilẹ̀kùn, kí ó má baà ké kí Sáfù tó fẹ́ jáde. Mo ṣe é dáadáa. Èyí ló ń dùn mí jù lọ: mo ṣe é bí ọmọ tí bàbá rẹ̀ kọ́ níṣẹ́.

Sáfù dé, ó ní kí n wá di irun Jímọ̀. Bí mo ṣe wà láàárín orúnkún rẹ̀, ó ní òórùn petiróòlù ń jáde lọ́wọ́ mi. Mo ní àtùpà ni mo nù. Ó rọra sọ fún mi pé òun ti tọ́jú ẹja gbígbẹ fún ìyá òun. Mo ní ó dáa.

Lọ́sàn-án, mo dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi, n kò sùn. Ilẹ̀kùn náà ké lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́ lágbedeméjì. Mo mọ̀ pé Sáfù ti di í mú. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn Ìyá Ràbì, pẹ̀lẹ́ bí ti ìgbà gbogbo, nítorí pé ẹ̀yìnkùlé níbẹ̀ ló ti dúró dè é.

“Sáfù, níbo?”

Ó tì í padà sínú yàrá, ó fi àgádágodo sí i. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ló ń ṣí i fún un. Àwọn obìnrin ilé ń gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n ń wolẹ̀. Bàbá mi wà ní Sakété níbi iṣẹ́. Ní ọjọ́ Àìkú, ẹni kan dé láti Avrankou pé ìyá Sáfù ti kú láàárọ̀ àná, wọ́n sì ti sin ín. Ìyá Ràbì ṣí ilẹ̀kùn, ó sọ fún un lórí ìdúró pé ìyá rẹ̀ ti lọ, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Sáfù bi í pé ìgbà wo. Ó ní àná. Sáfù jókòó sílẹ̀, kò sunkún. Ó bẹ̀ wá fún omi, nígbà tí wọ́n sì gbé e dé, ó gbàgbé láti mu ún.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni bàbá mi wọlé. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọjá. Ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó yọ ọ̀pá irin kan, ó fi ìka nù ún, ó sì rí eérú. Ó pè mí. Mo ní Ìyá Ràbì ló rán mi.

Ó ní, “Ẹni tó rán ọ kò fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ tìrẹ ni mo rí níbẹ̀.”

Ó gba òòlù àti ìyẹ́ adìẹ lọ́wọ́ mi, kò sì fi iṣẹ́ kankan hàn mí mọ́ títí ó fi kú.

Wọ́n jẹ́ kí Sáfù lọ sí fidáù ọjọ́ kẹjọ. Ó lọ, kò padà wá. Bàtà náà dé kí Iléyá tó pé. Ó ṣe déédé ẹsẹ̀ mi, mo wọ̀ ọ́ lọ sí yídì, àwọn ẹgbẹ́ mi ń jowú mi. N kò ní parọ́ fún yín pé inú mi kò dùn. Ìyá Ràbì gbó, ó tọ́, orí ẹní rẹ̀ ló kú sí, a sì sin ín tayọ̀tayọ̀.

Mo ti di ìyálọ́mọ kí n tó tún rí Sáfù, ní ọjà Avrankou, níbi tó ti ń ta gàrí. Ó ti fẹ́ ọkọ mìíràn, ó ti bímọ. Òun ló kọ́kọ́ dá mi mọ̀. Ó pè mí ní Adúmáradán, ó dìde láti orí àpótí, ó dì mọ́ mi. Ó sọ fún àwọn tí wọ́n jọ ń tajà pé nínú gbogbo ilé yẹn, ọmọ yìí nìkan ló ṣàánú òun, pé òróró ọwọ́ rẹ̀ ni òun fi rí ìyá òun kẹ́yìn. Ó ní Ìyá Ràbì ló ba ilẹ̀kùn náà jẹ́. Ó wá gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ń ṣàdúrà pé ọwọ́ mi kò ní gbẹ, pé ọmọ mi yóò tọ́jú mi. Mo la ẹnu. Àdúrà náà ń lọ. Mo ṣe àmín.

Ilé Akron ti wó lápá kan báyìí. Àwọn tó ń ra nǹkan àtijọ́ ti kó àwọn ilẹ̀kùn ìrókò lọ. Alumíníọ̀mù ni àwọn ọmọ wa ń lò, kì í ké, kò sì sí ẹni tó ń fi àdín ra irin mọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ọmọ mi kan sọ fún mi pé bí òun bá ti jáde nílé, ọkọ òun ti mọ ibi tí òun wà láti inú fóònù, ìyá ọkọ òun ló sì bá a ṣètò rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. N kò bá a rẹ́rìn-ín.

Sáfù kú ní ọdún tó kọjá. Àdúrà rẹ̀ kò bọ́ sílẹ̀: ọmọ mi ń tọ́jú mi, ọwọ́ mi sì le. Nígbà tí mo dé ibi ìsìnkú, mo fẹ́ dúró lẹ́yìn pẹ̀lú àwọn àlejò, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá mú mi lọ́wọ́. Ó ní ìyá àwọn ti sọ ẹni tí mo jẹ́ fún àwọn. Wọ́n yẹ̀ fún mi lórí ẹní láàárín àwọn ẹbí, mo sì jókòó.