Kànga Tó Yẹ Kó Mọ́

Dókítà Onígò ni àdúgbò ń pè é, nítorí láti ọjọ́ tó ti wọ yunifásítì láti kẹ́kọ̀ọ́ nípa àyíká ni igò kò ti kúrò nínú àpò rẹ̀ mọ́. Bí òjò bá ṣú, á gbé igò síta. Bí ọkùnrin bá ní òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, á ní kó lọ mú ọkùnrin mìíràn tí kò nífẹ̀ẹ́ òun wá, kí òun lè fi wọ́n wéra.

Olùkọ́ ọgbọ́n ìwádìí ló kó ìfiwéra sí i lórí, bàbá kan tó lè ṣàlàyé bí a ṣe ń fọ igò títí àga pàápàá á fi sùn lọ. "Omi tí o bá fẹ́ pè ní ìdọ̀tí, wá omi tó mọ́ tì í. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àròyé lò ń kọ."

Àwọn kànga ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́ tó ń pa aṣọ láró ló ń yẹ̀ wò. Èyí tó mọ́ ńkọ́? Kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó bu omi kànga ilé wọn lórí òkè, tí bàbá rẹ̀ gbẹ́ kó tó kú.

Èsì jáde. Èérí díẹ̀ ló wà nínú ti ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́. Ti ilé wọn kún fún òjé, bí ẹni pé ọta ìbọn ni wọ́n fi sè é.

"Yọ ọ́ kúrò, ọmọ mi," ni olùkọ́ wí. "Ohun tí a ó fi ṣe ìfiwéra kò gbọdọ̀ bàjẹ́. Wá kànga mìíràn."

"Sà, àwọn ará ilé wa ló ń mu ún."

"Ìyẹn ò sí nínú àkọlé ìwádìí rẹ."

Ohun tó dunni níbẹ̀ ni pé olùkọ́ náà ò ṣì í sọ. Ọgbọ́n ìwádìí ò ní ìyá, kò sì ní ẹ̀gbọ́n.

Nígbà tó délé, ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n Dókítà Onígò lẹ́sẹ̀. Ọmọ náà ti ń sáré kiri, ṣùgbọ́n kò tíì pe "màmá" rí. Wọ́n ní ọmọ ọlọ́gbọ́n kì í kánjú sọ̀rọ̀.

"Mọ́mì, ẹ má mu omi kànga yìí mọ́. Òjé wà níbẹ̀, ó máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́."

"Hẹn-ẹ́n! Dókítà Onígò ti dé. Ilé bàbá ẹ lò ń fọwọ́ òsì júwe yẹn o."

"Kí ni bàbá máa ń yọ́ lẹ́yìnkùlé nígbà tí mo wà ní kékeré?"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu ìyá. "Bátìrì mọ́tò. Á da omi inú ẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, á yọ́ òjé inú ẹ̀ tà. Òun ló fi rán yín níléèwé."

Ó wo ọmọ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Ṣé ìyẹn ni kò jẹ́ kí eléyìí sọ̀rọ̀?"

Gbogbo ohun tí Dókítà Onígò kọ́ ló ń sọ fún un pé ọmọ kan ṣoṣo ò tó fi dáhùn ìbéèrè yẹn.

"Mi ò mọ̀, Mọ́mì."

"Pẹ̀lú gbogbo ìwé yẹn?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti inú ilé jáde pẹ̀lú garawa, ó fẹ́ fa omi ìwẹ̀ ọmọ. Ìyá sáré dìde, ó gbé ọmọ fún Dókítà Onígò, ó já garawa gbà, ó sì lọ jókòó gbàgà lórí ìdérí kànga.

"Kí ló dé?" ni ẹ̀gbọ́n ń bi wọ́n. "Ẹ̀yin èèyàn yìí, kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ìyá wo Dókítà Onígò. Dókítà Onígò wo ilẹ̀.