Àtẹ́lẹwọ́ Onímú

Onímú la máa ń pe àbúrò mi, kì í ṣe pé imú rẹ̀ tóbi. Iṣẹ́ wẹ́dà ló ṣe nílé iṣẹ́ gáàsì, bí gáàsì bá sì ń jò, á ti gbọ́ òórùn rẹ̀ kí aago ìkìlọ̀ tó dún. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó kó imú ọ̀hún wá sí yàrá ẹ̀yìn ilé rẹ̀, ó fi ń pọn bíà. Mo gbààwẹ̀ lórí bíà yẹn kó lè jáwọ́ nínú rẹ̀. Ọlọ́run dákẹ́, bíà ń hó lọ.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n yọ kókó kan nínú orí rẹ̀. Lójú mi ni dókítà ṣe kìlọ̀ fún òun àti ìyàwó rẹ̀ pé, "Ọjọ́ tí kò bá gbọ́ òórùn mọ́, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la. Kókó náà ti padà dé nìyẹn."

Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo bá a nídìí kẹ́ẹ̀gì bíà. Ó ti sè é, ó ti tutù, ìwúkàrà ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán. Họ́ọ̀pù ló kù, òdòdó aláwọ̀ ewé tó ń mú bíà ta sánsán. Èyí tí wọ́n ń dà sí i gbẹ̀yìn yìí kò gbọdọ̀ kan iná, torí iná ló ń lé òórùn rẹ̀ lọ. Imú ni wọ́n fi ń yàn án. Onímú á bu díẹ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á, á gbé e símú. Tó bá yàn tán, ìyàwó rẹ̀ á gbọ́ òórùn àtẹ́lẹwọ́ náà, á ní, "Ó wọlé." Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kò ní dà á.

Àpò họ́ọ̀pù méjì ló wà nílẹ̀. Ó bu ti àkọ́kọ́, ó fi ọwọ́ ra á, ó dijú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èyí ni. Ọsàn pọ́ńbélé. Ẹ gbọ́ ọ wò."

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọkùnrin yìí! Ìbọ̀sẹ̀ àkọ́bí mi lèyí, tó bá ti pápá bọ́ọ̀lù dé. O tún ti bẹ̀rẹ̀ yẹ̀yẹ́ rẹ."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó yí àpò náà wò. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ya, atẹ́gùn ti bà á jẹ́.

"Ìbọ̀sẹ̀?"

"Ìbọ̀sẹ̀."

Ó na èkejì sí mi. "Ẹ bá mi fi ọwọ́ ra á. Kí lẹ gbọ́?"

"Ọsàn. Àti koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé."

Ó tẹ́tí sí mi bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn ilé láti ọ̀nà jíjìn. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ má tíì sọ fún ìyàwó mi. Ẹ jẹ́ kí bíà yìí dénú ìgò ná."

"Dókítà ní kó má di ọ̀la."

"Mo gbọ́ ohun tó sọ. Etí mi kò tíì lọ."

Ó sáré lọ fi ọṣẹ fọwọ́. Ó tún un fọ̀. Oje òdòdó yẹn kì í gbọ́ ti ọṣẹ bọ̀rọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ wọlé. "Dádì, ṣé ẹ ti yàn án?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ló bá mi yàn án."

"Màmá aláàwẹ̀!" Ó ń rẹ́rìn-ín bọ̀, ó fa ọwọ́ ọkọ rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó gbé e símú.

Ẹ̀rín náà kú lójú rẹ̀. Ó tún gbọ́ ọ wò.

"Ẹ ní èyí dáa?"

"Mo rò pé ọsàn ni," Onímú dáhùn.

Ìyàwó rẹ̀ tú aṣọ ìdáná, ó gbé bàtà ọkọ rẹ̀ wá, ó kúnlẹ̀, ó ń wọ̀ ọ́ fún un bí ọmọdé.

"Bíà ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n yín wà níbí. Ọsibítù là ń lọ."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo da àpò tó dáa sínú kẹ́ẹ̀gì, mo dé e. Òórùn ọsàn gba gbogbo yàrá. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo gbàdúrà lórí àbúrò mi nìkan. Mi ò mẹ́nu kan bíà lọ́tẹ̀ yìí.