Ọkùnrin Tó Na Ọwọ́ Sókè Nínú Pápá

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé irọ́ ni gbogbo ìtàn òkú, ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Èmi kì í ṣe ẹni tó máa ń rí ìran. Mẹ́tọ́díìsì ni mí, mi ò sì mu ju tíì lọ lọ́jọ́ náà. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ràn, ojú mi méjèèjì ló rí i.

Park Hill ni mò ń gbé, ní Staten Island níbí. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe. Bàbá òyìnbó kan ni mò ń tọ́jú nígbà náà lápá Port Richmond, ọmọ Dorset nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún. Bàbá ni mò ń pè wọ́n, wọ́n sì ń dá mi lóhùn bí ẹni pé orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n nìyẹn. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ọwọ́ ọ̀tún wọn. Ìwé iṣẹ́ mi ní kí n máa ká ọwọ́ náà, kí n máa na án, lójoojúmọ́, kó má baà gan. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ìwé kan ni Bàbá ń kọ, ìtàn kíríkẹ́ẹ̀tì, eré tí wọ́n ń fi pákó gbá bọ́ọ̀lù, láwọn abúlé ìpínlẹ̀ wọn. Kì í ṣe ti àwọn gbajúmọ̀ o. Ti alágbẹ̀dẹ, ti àwọn tó ń fún wàrà màlúù, ti àlùfáà abúlé, tí wọ́n máa ń pàdé lórí koríko lọ́sàn-án Sátidé. Bàbá á máa sọ ọ́, èmi á máa kọ ọ́. Kí n má purọ́, oorun máa ń kùn mí. Síbẹ̀ mo mọ ẹni tó fi bọ́ọ̀lù fọ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì mọ abúlé tí màlúù ti máa ń jẹko lórí pápá kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Orí kan ṣoṣo ló kù. Dókítà ti sọ pé ọkàn wọn ò lágbára mọ́, ẹ̀rù sì ń ba Bàbá kí àwọn má lọ kú kí ìwé náà tó parí. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ tí mo bá ṣí ìwé, wọ́n á ní ó di ọ̀la.

Lọ́jọ́ Túsìdeè kan, mo ti Bàbá lórí kẹ̀kẹ́ arọ wọn lọ sí pápá tó wà nítòsí ilé, níbi tí àwọn ará Guyana ti máa ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì ní Sátidé. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Mo dá kẹ̀kẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì kan, mo gbójú sókè.

Ọkùnrin kan dúró láàárín pápá. Aṣọ funfun gígùn ló wọ̀, ó dé fìlà, ó na ọwọ́ kan sókè, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kọjú sí wa.

Mo rò pé ó ń kí wa ni. Ọwọ́ mi ti ń gbéra láti kí i padà, ni mo rántí ọ̀rọ̀ ìyá ìyá mi: tí ẹni tí o ò mọ̀ bá kí ọ lọ́sàn-án gangan, wò ó dáadáa kí o tó dáhùn. Mo wò ó. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bomi rin koríko ń fọ́n omi yí i ká. Aṣọ rẹ̀ ò tutù. Ẹ gbà mí gbọ́, omi náà ń gba ara rẹ̀ kọjá.

Bàbá ò gbórí sókè rárá. Wọ́n rọra bi mí pé, "Ṣé ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè?"

"Bàbá, ẹ mọ̀ ọ́n ni?"

"Rẹfirí ni. Èmi ló ń dúró dè."

Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ fún mi. Nínú eré yìí, abúlé kọ̀ọ̀kan ló máa ń mú akọ̀wé tirẹ̀ wá. Àwọn méjèèjì á jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, kálukú pẹ̀lú ìwé rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n á máa sọ iye ayò fún ara wọn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kí ìwé méjèèjì lè bára mu. Tí rẹfirí bá fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, akọ̀wé gbọ́dọ̀ gbé ọwọ́ tiẹ̀ sókè, pé òun ti rí i, òun ti kọ ọ́. Eré ò ní tẹ̀ síwájú láìjẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà èwe wọn, Bàbá ni akọ̀wé abúlé wọn. Dora, ọmọ ọ̀gá àwọn agbábọ́ọ̀lù abúlé kejì, ni akọ̀wé ti ọ̀hún. Lọ́jọ́ kan, rẹfirí na ọwọ́ sókè, ayò kan fún abúlé Dora. Bàbá gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, wọn ò sì kọ nǹkan kan. Dora ni wọ́n ń wò, ó ń gbẹ́ pẹ́ńsùlù.

Nígbà tí eré parí, ìwé Bàbá ní ọ̀mì ni, ìwé Dora ní abúlé òun fi ayò kan borí, ọgọ́rùn-ún lé mẹ́rìnlá. Àwọn èèyàn ti ń bọ̀ wá wò ó. Dora wo ojú Bàbá, ó mú rọ́bà, ó pa ayò kan rẹ́ nínú ìwé tirẹ̀.

Dora fẹ́ Bàbá lẹ́yìn náà. Wọ́n jọ wá sí New York, ó sì kú síbí láìdárúkọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan. Bàbá tó bí Dora ti kú tipẹ́, wọ́n ń sọ títí dọjọ́ ikú wọn pé àwọn ò borí abúlé ọkọ ọmọ àwọn rí. Orí tó kù nínú ìwé nìyẹn.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọwọ́ òsì yín sókè kó máa lọ."

"Rárá. Mo ti gbé ọwọ́ sókè rí láìkọ. Kọ ọ́ ná."

Ìwé ayò tí Dora kọ lọ́jọ́ náà kì í kúrò nínú báàgì ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Mo ṣí i. Ojú ibi tí rọ́bà ti pa nǹkan rẹ́ ti fẹ́lẹ́. Mo kọ ayò kan síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, Bàbá pe ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn nínú ìtàn wọn, mo kọ ọ́: abúlé Dora ló borí, àṣìṣe náà, tèmi ni.

Wọ́n wá ní kí n bá àwọn gbé ọwọ́ ọ̀tún. Òun ló purọ́, òun ni kó lọ.

Mo dì í mú. Ó ti gan bí igi. Ojú tì mí débi pé mo sunkún, nítorí oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń mákì ìwé iṣẹ́ pé mo ti na ọwọ́ náà, mi ò sì fọwọ́ kàn án. Mo rọra ń gbé e, Bàbá ń kérora, wọn ò ní kí n dúró. Nígbà tó dé òkè, rẹfirí sọ ọwọ́ tiẹ̀ kalẹ̀, ó fọwọ́ kan fìlà rẹ̀. Omi fọ́n kọjá, kò sẹ́nì kankan mọ́.

Lórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tí ẹnikẹ́ni ò jókòó sí, ohùn obìnrin kan sọ jẹ́ẹ́ pé, "Ọgọ́rùn-ún lé mẹ́rìnlá."

Bàbá ní, "Ọgọ́rùn-ún lé mẹ́rìnlá, Dora." Wọ́n sì rẹ́rìn-ín kan tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn rí.

Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn náà ni wọ́n sùn tí wọn ò jí. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá yẹn, ẹ gbà mí gbọ́, àràárọ̀ ni mò ń na ọwọ́ náà.

Ẹlòmíì ni mò ń tọ́jú báyìí, bọ́ọ̀sì kan náà ni mò ń wọ̀. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, tí a bá ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, rẹfirí yẹn ti tún wà níbẹ̀. Ó na ọwọ́ sókè. Ibikíbi tí mo bá jókòó sí nínú bọ́ọ̀sì, ọ̀dọ̀ mi ló kọjú sí.

Mo mọ ohun tó ń dúró dè: oṣù mẹ́jọ tí mo fi mákì pé mo na ọwọ́ tí mi ò nà. Mi ò tíì dá a lóhùn, torí mi ò tíì kọ ọ́ síbì kankan. Mo ti kọ ọ́ báyìí, ẹ̀yin náà sì ti kà á. Lọ́la màá gbé ọwọ́ mi sókè lójú fèrèsé, bóyá á sọ tiẹ̀ kalẹ̀, mi ò mọ̀.

Ẹ ṣọ́ra o. Ẹni tí ẹ bá gbé ọwọ́ sí pé ẹ ti ṣe é, á gbà yín gbọ́. Á sì dúró títí ẹ ó fi ṣe é lóòótọ́.