Ilé Ọkọ, Ilé Ọkọ̀

Ọdún tí Luas, ọkọ̀ ojú irin ìgboro Dublin, kọ́kọ́ gba apá ọ̀dọ̀ wa kọjá, tí gbogbo ará Clondalkin ń jáde lọ wò ó bí ẹni ń wo ìyàwó, ọdún yẹn ni ọkọ mi kú. Kí ó tó kú, ó ti ra lọ́rì kan.

Lọ́rì àtijọ́ ni. Imú rẹ̀ gùn síwájú, wọ́n sì kan yàrá onípákó sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, àti sítóòfù gáàsì olójú méjì. Àwọn òyìnbó a máa wa irú rẹ̀ lọ sí etí òkun, wọn a sùn síbẹ̀. Nígbà tí ó gbé e dé, mo ní, "Ẹ̀yin bàbá yìí, ẹ sá fún bọ̀lẹ̀kájà nílé, ẹ tún wá rà á ní Ireland?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá àwọn ọmọ, irú ẹ́ńjìnnì tí mo fi kọ́ṣẹ́ nìyí. Gbọ́ ohùn rẹ̀."

Bàbá òyìnbó kan wà ní ojúlé kejì. Tó bá di Sátidé, òun àti ọkọ mi a ṣí imú lọ́rì náà, wọn a ki orí bọ inú rẹ̀, a ò ní rí wọn mọ́. Òyìnbó ń pè é ní yoke, bí wọ́n ṣe ń pe ohunkóhun níbí. Ọkọ mi rò pé orúkọ lọ́rì nìyẹn, òun náà ń pè é bẹ́ẹ̀.

Àìsàn ọjọ́ méjì ló pa á. Wọ́n sin ín, omi ò jáde lójú mi. Àwọn obìnrin ń wò mí. Mo jókòó opó, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, bí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ṣe là á sílẹ̀, pé kí obìnrin má kúrò ní ilé ọkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ wá, mo jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá ní kí n dìde, mo dìde.

Oṣù méjì pé, onílé wa ní òun ti ta ilé. Nígbà yẹn, ẹni tó bá nílé ní Dublin, títà ló ń tà á. Ọmọ mi ọkùnrin ní kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun ní Swords. Mo ní rárá, opó mi ò tíì pé.

"Mọ́mì, ẹ ò rí i pé kò sílé mọ́ ni?"

Mo na ìka sí lọ́rì.

Ó lọ pe Alfa kí ó bá mi sọ̀rọ̀. Alfa wo lọ́rì náà títí. Ó ní, "Ìyá wa, ìnira ló dé yìí. Ẹ lè lọ sọ́dọ̀ ọmọ yín, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ ńbẹ̀."

"Alfa, ta ló ni lọ́rì yìí?"

"Ọkọ yín ni."

"Bẹ́ẹ̀dì inú rẹ̀ ńkọ́?"

"Òun náà ni."

"Ṣé ẹni tó wà nínú rẹ̀ ti kúrò nílé ọkọ?"

Alfa fọwọ́ bo ẹnu. "Ilé ọkọ ni wọ́n ní kí ẹ jókòó sí o, ilé ọkọ̀ lẹ fẹ́ lọ jókòó sí!" Ìwọ ọmọ tó ń bá mi kọ ìtàn yìí, fi àmì sórí ọ̀rọ̀ méjèèjì dáadáa. Nígbà tí Alfa rẹ́rìn-ín tán, ó ní, "Ẹ wọlé, ìyá wa. Ilé ni."

Láti ẹnu ọ̀nà dé inú lọ́rì, ìṣísẹ̀ mẹ́fà ni. Bàbá òyìnbó ló wà á, ọmọ mi jókòó tì í níwájú, èmi nìkan wà lẹ́yìn. A gba M50, ọ̀nà márosẹ̀ tó yí Dublin ká. Mo wo fèrèsé. Ilé ọkọ mi ń rìn, mi ò sì mọ nǹkan kan lára. Wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ilé ọmọ mi. Ọkọ̀ òfúrufú ń kọjá lórí, òtútù ń mú, ọmọ mi ń gbé oúnjẹ àti omi gbígbóná wá. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí títí ọjọ́ fi pé. Mo jáde, mo wẹ̀, mo pààrọ̀ aṣọ.

Ó pẹ́ lẹ́yìn náà kí àwọn ọmọ mi tó bi mí ohun tí mò ń rò lójú ọ̀nà Swords lọ́jọ́ náà. Mo sọ fún wọn pé mi ò ro nǹkan kan. Búúta àlùwàlá ni mo dì mú, kí omi inú rẹ̀ má baà dà sórí bẹ́ẹ̀dì bàbá wọn.